Iye Tí Mo Fẹ́ Dá Lé Gígé Irin Inú Òkun

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó fi ìgbẹ́ gbuuru gbà mí là. Pásítọ̀, ẹ kìlọ̀ fún àwọn kúáyà kí wọ́n yéé rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ̀ pé irin ni mò ń fi gáàsì gé ní Ṣàngó. Mo ti gé ọkọ̀ ojú irin rí láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ẹni tó ń sùn nínú ẹ̀ ò sì jí.

Alájì kan tó ń ta irin àlòkù fún àwọn tó ń yọ́ irin ní Ìgbẹsà ló pè mí. Ó ra ilé irin kan tí wọ́n fi ń wa epo lórí òkun. Ó ti gbó, wọ́n fẹ́ tú u palẹ̀. Ó ní kí n wá dá iye lé gígé ẹ̀. Fótò ló fi hàn mí lórí fóònù: ẹsẹ̀ mẹ́rin, pálọ̀ mi á wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àga.

Mo ka ojú ibi tá a máa gé, mo ṣírò gáàsì tí ojú kan máa jẹ, mo kọ iye sílẹ̀. Mi ò tíì fọwọ́ kan irin o!

Alájì ní, "Bàbá, iye tẹ́ ẹ bá kọ, mi ò ní fi kọ́bọ̀ kún un. Bẹ́ ò bá parí iṣẹ́, ilé yín ní Ìtèlé ni mo máa gbà."

Mo ní kò burú. Ọjọ́ Mọ́ńdè la fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Màmá Aládùúrà ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gba ọjọ́ kan àtààbọ̀. Ẹlẹ́wà àgànyìn ló kọjá lábẹ́ fèrèsé mi, mo bá pè é padà. Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀wà yẹn gan-an ni Olúwa lò. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, ìgbẹ́ gbuuru ò jẹ́ kí n kúrò nílé. Alájì pè: "Bàbá, ibo lẹ wà?" Mo ní mo wà ní ìpàdé pàtàkì.

Wẹ́sìdeè ni mo tó dé Ìgbẹsà. Tírélà ti gbé èkúfọ́ ẹsẹ̀ kan tó ti kán fúnra ẹ̀ dé, ìkarawun òkun bò ó lórí, ó bò ó nídìí. Akàn kan tó tó ewúrẹ́ jáde níbẹ̀, ó fi ọwọ́ kan kí mi. Àwa tí à ń gé irin, hámà la fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ irin. Tí inú ẹ̀ bá ṣófo, á dún bí agogo. Mo lù ú. Gbì! Mo tún un lù. Gbì! A fọ́ ìkarawun kúrò, a rí i: sìmẹ́ńtì ló kún inú ẹ̀, irin mìíràn tún wà láàárín sìmẹ́ńtì. Gáàsì kì í gé sìmẹ́ńtì! Ojú kan di iṣẹ́ mẹ́ta, abẹ́ omi sì ni. Ká ní mo ti fọwọ́ sí i, ilé ti lọ nìyẹn.

Mo fa ìwé ya, mo kọ ìlọ́po mẹ́rin. Alájì pariwo: "Ṣé ẹ fẹ́ jí mi gbé ni?" Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń gé irin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, ní iye àkọ́kọ́ tó òun. Mo na hámà sí i: "Ọ̀gá, ẹ bi í wò." Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé hámà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní ìyàwó òun ń pe òun.

Alájì wò ó bó ṣe ń lọ, ó yíjú sí mi, ó fọwọ́ sí i.

A ti parí iṣẹ́ náà. Ilé mi ṣì ń jẹ́ orúkọ mi. Ẹni tí Olúwa ti dì lọ́wọ́ mú rí, níbi tó ti fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ ba ara ẹ̀ jẹ́, kó bọ́ síta kó bá mi jó. Ọpẹ́ ni fún Un!