Ìran Tí A Pa Rẹ́ Nínú Kọ̀ǹpútà

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Àwa mẹ́ta la wà ní ṣọ́ọ̀bù náà ní Òkìtìpupa: èmi tí mo wá tẹ ìwé, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, àti akọ̀wé ìjọ Aládùúrà kan, obìnrin tó wọ sùtánà, tó gbé kọ̀ǹpútà ògbólógbòó wá láti Ìkọ̀yà.

“Gbogbo ìran tí olóògbé Ìyá Ìjọ wa rí ló wà nínú rẹ̀,” ni obìnrin náà wí. “Ikán ti jẹ ìwé tí a kọ́kọ́ kọ wọ́n sí.”

“Kí lẹ wá ṣe sí i, Mọ́mì?” ni ọkùnrin náà bi í.

“Nínú ìwé, bí ìran bá ti ṣẹ, a máa ń fi bírò pupa fa igi lé e. Mo rò pé píparẹ́ ni wọ́n fi ń fagi lé e nínú kọ̀ǹpútà, mo bá pa wọ́n rẹ́.”

“Ìyá Ìjọ ò wá rí ìyẹn níran?”

“Má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ mi.”

“Ṣé ẹ tún kọ nǹkan mìíràn sí i lẹ́yìn náà?”

“Rárá. Mo fi aṣọ funfun bò ó, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.”

“Ààwẹ̀ yẹn ló yọ yín, torí ẹ ò fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ẹ ṣe pa wọ́n rẹ́ yẹn, bí ẹni yọ orúkọ nìkan kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ni. Ẹni náà ṣì wà nínú yàrá, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò tíì gba àlejò sí i.”

Ọkùnrin náà ti díìsì kan bọ kọ̀ǹpútà náà láti fi wá àwọn ìran tó parẹ́. Nígbà tí ìran kìíní jáde, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jẹ́ẹ́jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yàrá yẹn, pé ẹni náà ṣì wà nínú rẹ̀, bá mi délé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí yàrá ìyàwó mi, tí mo ti tì láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Mo ṣí fèrèsé, mo sì gbálẹ̀.