Awọ Kì í Bẹ̀rù Ìṣáná

Mo ń wọ jígí dúdú kan wò lọ́jà Lọ́kọ́jà, irú èyí tí wọ́n fi awọ bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, nígbà tí ọlọ́kadà kan já lu Àfáà tó ń tà á, eruku sìmẹ́ǹtì funfun kún irùngbọ̀n ọlọ́kadà náà.

"Àfáà, ẹ ní awọ ewúrẹ́ ni! Ẹ ní eruku sìmẹ́ǹtì Ọbajánà ò ní rí ojú mi! Oòrùn pa á lẹ́ẹ̀kan, ó ká kúrò lára jígí, eruku dà sí mi lójú. Díẹ̀ ló kù kí n gbé aboyún tó wà lẹ́yìn mi wọ abẹ́ tírélà!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣe sùúrù. Ojúlówó ni. Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán?"

"Bàtà rọ́bà náà ń dán! Ẹ mú ìṣáná wá. Ta ni ò mọ òórùn pọ̀nmọ́ tí wọ́n ń sun? Tó bá rùn bíi pọ̀nmọ́, màá dọ̀bálẹ̀ fún yín. Tó bá ń yọ́ bíi rọ́bà, òpùrọ́ ni yín."

"Haba! Ẹ fẹ́ sun ọjà mi?"

"Tèmi yìí tí mo ti rà ni mo fẹ́ sun! Kí ló kàn yín?"

Àfáà fi ọwọ́ bo páálí ìṣáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín ìbínú. "Awọ kì í bẹ̀rù ìṣáná, Àfáà. Ẹni tó ń tà á ló ń bẹ̀rù." Ó wá yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ irú ẹ̀ sójú, ṣé kí n ṣáná sí i?"

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti bọ́ ọ sílẹ̀. Kí iná má jó ìpéǹpéjú mi ni mo ṣe bọ́ ọ, ṣùgbọ́n Àfáà wò mí bí ẹni tó dá a lẹ́bi.