Àga Mẹ́fà Tí Mo Tì Mọ́ Yàrá Ẹrù

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, omijé ni mo fi ń sọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní wèrè, kó pè mí.

Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, ààwẹ̀ ti mú mi. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, oorun sì gbé mi lọ. Obìnrin àgbà kan tó wọ aṣọ funfun di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Dìde, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Ibi tí a kọ́kọ́ dé gbóná. Mo rí àwọn òpùrọ́ tí ahọ́n wọn ń jó, mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n ń payín keke, ṣùgbọ́n ó ní tiwọn kọ́ ni mo wá wò. A wọ gbọ̀ngàn kan, áà, ọ́fíìsì ni, ẹ̀yin ará! Àwọn ọ̀gá ló kún ibẹ̀, wọ́n tẹ̀ ba lórí tábìlì kúkúrú, wọ́n ń tẹ̀wé láìsinmi, àga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án iná á sọ, wọ́n ń ké pé "Ẹ̀yìn mi o! Ẹ̀yìn mi!", bí mo ṣe fẹ́ sá ni mo rí tábìlì kan tó ṣófo, orúkọ mi ló wà lára rẹ̀!

Mo ní, "Ìyá, kí ni wọ́n ṣe?"

Ó ní, "Ìsinmi wà níkàáwọ́ wọn, wọ́n fi du ẹlòmíràn."

Mo wá rántí Fọláṣadé, tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì tí mo ti jẹ́ ọ̀gá. Àga rẹ̀ ti kán lẹ́yìn. Ìró ló ń ká sábẹ́ ìdí kó lè ga tó tábìlì. Àga tuntun mẹ́fà dé, mo tì wọ́n mọ́ yàrá ẹrù tọ̀rátọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn. Mo ní ọ̀gá àgbà gbọ́dọ̀ wá gbàdúrà sí wọn, kó gé ríbọ́ọ̀nù, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó lé wọn. Ọdún kan gbáko, ọ̀gá àgbà kò wá. Fọláṣadé kúnlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìbàdí fẹ́ pa mí." Mo fi í rẹ́rìn-ín pé, "Ṣé ìwọ lo máa jókòó ṣáájú ọ̀gá àgbà?" Ìgbà tó yá, kò lè wá síbi iṣẹ́ mọ́. N kò bẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá náà mú mi gòkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ títí jókòó, ẹ̀yìn wọn rí nǹkan fara tì, ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n síṣẹ́ mọ́. Mo wá Fọláṣadé títí.

"Kò tíì dé," ni ó wí. "Ó ṣì ń jẹ ìyà tí o fi jẹ ẹ́. Padà!"

Mo ta jí. Mo lọ ṣílẹ̀kùn yàrá ẹrù, mo gbé àga kan lérí, ó di ilé Fọláṣadé. Orí ẹní ni mo bá a, ó dùbúlẹ̀ gbalaja. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí, mo ń sunkún.

"Ẹ dìde, sà," ni ó wí. "Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ẹ gbé e fún Ìyábọ̀ tó gba iṣẹ́ mi. Èmi ò lè jókòó mọ́."

Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi ni mo ṣẹ̀, òun ló wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ènìyàn lábẹ́, bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ lọ́la, ẹ lọ wo ohun tí wọ́n jókòó lé, ẹ má dúró de ìran. Fọláṣadé dárí jì mí, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò san.