Mo Kọ Ọ́ Pé Ó Fún Mi Ní Àga

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹnikẹ́ni bá yìn mí báyìí, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mi ni. Ọ̀gá mi ní nínú gbogbo ọ̀dọ́ tó ń bá òun ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tí ojú rẹ̀ mú bíi tèmi. Áà! Ojú tó mú yìí náà ni mo fi ba ayé obìnrin kan jẹ́.

Bí mo ṣe parí ilé-ìwé girama n'Íbàdàn ni mo wá bá ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Springdale l'Amẹ́ríkà níbí. Onítìjú ni mí. Kí n tó lè tọrọ omi nílé onílé, òùngbẹ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kékeré tí ojú mi kì í rí. Ìyẹn ni Àǹtí Bọ́lá, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, fi gbà mí síṣẹ́. Òun àti Ọ̀gbẹ́ni Walter, dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ àwọn onílé bí a ṣe ń ṣe déédéé sí dúdú àti funfun. Èrè ibẹ̀ ni wọ́n fi ń jà fún ẹni tí wọ́n bá fi ilé dù nítorí àwọ̀ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹjọ́ sùn, dúdú kan á lọ sí ọ́fíìsì onílé náà bí ẹni tó ń wá ilé, funfun kan á tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí kan. Kálukú á dá kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ ṣáájú.

Ẹjọ́ Loretta ni wọ́n kọ́kọ́ fi rán mi. Ìyá ọlọ́mọ méjì ni, dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, òun àtàwọn ọmọ ń sùn sílẹ̀ ní pálọ̀ àbúrò rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un ní ọ́fíìsì ilé ayálégbé kan l'Adelphi pé kò sí yàrá, bẹ́ẹ̀ pátákó tó ní yàrá wà ṣì wà níta. Aago méjì ọ̀sán ni mo débẹ̀. Láti ara ilẹ̀kùn onígíláàsì, mo rí obìnrin funfun kan, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, àwo àdídùn aláwọ̀ ewé wà níwájú rẹ̀. Òun náà rí mi. Ó rọra dìde, ó wá ti ilẹ̀kùn, ó kẹ̀yìn sí mi. Kò tilẹ̀ bínú! Bí ẹni tó ń tilẹ̀kùn mọ́ ewúrẹ́ ni.

Ẹ dákun, ṣé ohun tí ènìyàn ń kọ sílẹ̀ nìyẹn? Ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé ni mí. Wọ́n kọ́ mi pé bí a bá tẹ́ níta, a kì í gbé e wálé. Kí n má sì purọ́ fún yín, mo rò pé àwọn dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ṣe irú ẹ̀ sí, kì í ṣe ọmọ tó nílé bàbá. Ni mo bá kọ ọ́ pé ó kí mi káàbọ̀, ó fún mi ní àga, ó fi àdídùn lọ̀ mí, ó ní yàrá wà. Mo kọ okùn awò ojú, mo kọ àwọ̀ àdídùn. Ta ni yóò ka ìyẹn tí yóò ní irọ́ ni?

Wọ́n tọ́jú ọmọ funfun tó lọ lẹ́yìn mi náà dáadáa, kò wá sí ìyàtọ̀ láàárín àwa méjèèjì, ni ẹjọ́ bá kú. Ọjọ́ tí Loretta wá gbọ́ èsì, ó yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, ó fún ọ ní àga lóòótọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó rẹ́rìn-ín sí ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ títí. "A jẹ́ pé ara tèmi ni nǹkan wà." Ó tún bẹ̀ wá pé ká má bínú, òun fi àkókò wa ṣòfò.

Bí Ọ̀gbẹ́ni Walter ṣe ń sìn ín lọ sídìí mọ́tò, Àǹtí fi Yorùbá sọ fún mi pé, "Àwọn akátá yìí! Gbogbo nǹkan ni nítorí àwọ̀. Ìwọ tó o múra dáadáa, ta ló lé ọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá a rín in!

Kò pé oṣù kan tí àbúrò Loretta ní kó máa lọ. Loretta kó àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Carolina, òun nìkan ń sùn nínú mọ́tò. Ní ọ́fíìsì wa, ìwé irọ́ mi ni Àǹtí fi ń kọ́ àwọn tuntun bí a ṣe ń kọ ìròyìn.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti ìgbà náà, mo ti kọ òtítọ́ lórí ẹjọ́ mẹ́fà mìíràn. Bí mo bá jẹ́wọ́ eléyìí, agbẹjọ́rò àwọn onílé á fi fọ́ gbogbo wọn, ẹni mẹ́fà á pàdánù. Bí mo bá sì dákẹ́, obìnrin kan á kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ara òun ni nǹkan wà. Èwo ni kí n ṣe?