Okùn Kànga

Nínú ọyẹ́, lábẹ́ igi kajú kan ní Kika, mo ń tòògbé de alùpùpù tí yóò gbé mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá arúgbó kan lẹ́yìn mi, àti ti ọmọbìnrin kan tó ń pè é ní Tata.

"Tata, àwọn tó fẹ́ wa góòlù lórí òkè wa wá kí yín láàárọ̀, ẹ ò fún wọn lómi mu."

"Bàbá bàbá mi fún àwọn òyìnbó lómi láti inú kànga rẹ̀. Wọ́n mu ún tán, okùn kànga yẹn náà ni wọ́n fi dè é lọ fọ́ òkúta ojú ọ̀nà."

"Ìyẹn ti pẹ́, Tata. Àwọn tibí ní àwọn á gbẹ́ kànga tuntun fún wa."

Òdòdó kajú ń rọra já bọ́.

"Ó dáa. Bá mi bi wọ́n, ọwọ́ ta ni okùn rẹ̀ máa wà?"