Ìyàwó Kì í Tún Ọmọ Ilé Bí

Nínú tásí tó ń gbé wa láti Kétu lọ sí Idigny ní ilẹ̀ Benin, ọkùnrin kan àti obìnrin tó gbé ọ̀dínatọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà alágbèéká, lé itan jókòó tì mí, wọ́n ń jiyàn.

"Àbúrò," ọkùnrin náà wí, "tún gbogbo pùrógíráàmù náà kọ ní èdè Python. Èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ò sì gbọ́ ọ, Python nìkan ni wọ́n gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, òun ló ń sọ fún wa bóyá àgbàdo ti gbẹ tó láti kó sí àká. Kò ṣì wá lọ́nà rí. Tí mo bá tún un kọ, tí mo ṣì í kọ, àgbàdo gbogbo ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ló máa bu."

"Kí lo wá ń kọ láti àárọ̀?"

"Orúkọ ni. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, mi ò pe ọmọ tí mo bá nílé lórúkọ àbísọ. Mo sọ ọ̀kan ní Adúmáadán, mo sọ èkejì ní Eyínfúnjowó, wọ́n sì ń jẹ́ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń fún iṣẹ́ C kọ̀ọ̀kan lórúkọ tí Python á máa fi pè é. Python á pè, C á jẹ́, á sì ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀."

"Bí kò bá jẹ́ ńkọ́?"

Kò gbójú sókè.

"Màá tún orúkọ sọ. Ìyàwó kì í tún ọmọ ilé bí."

Títí mo fi bọ́ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró.