Èmi Ni Mo Ṣìnà, Ìyàwó Mi Kọ́

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn Iléyá, èmi àti Alájà ìyàwó mi rin ìlú Istanbul já láìwọ takisí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi tí àwọn onílùú ń wọ̀ ni àwa náà wọ̀. Gbogbo agboolé wa ní Ìta Fàájì ló gbọ́ ìròyìn náà lẹ́nu mi. Irọ́ wà nínú rẹ̀. Mo ti gbé e sínú títí, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ́sẹ̀ yìí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa ìlú náà kí a tó lọ, nítorí náà, èmi kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ méjì dúró ní èbúté. Alájà ní kí a bi òṣìṣẹ́ kan léèrè. Mo ní kò pọn dandan. Mo nawọ́ sí ọ̀kan, mo ní kí ó wọlé lọ gba ìjókòó, kí n ra omi. Kí n tó padà dé, ọkọ̀ náà ti lọ. Ìgbà náà ni mo ka ohun tí a kọ sára èkejì, mo rí i pé òun ló yẹ kí a wọ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni fóònù kan ṣoṣo tí àwa méjèèjì mú lọ wà. Bí mo ti ń wá Alájà kiri ni Gàníyù, àkọ́bí wa, pè láti Èkó, ó ní kí n gbé fóònù fún ìyá òun. Ìtìjú bò mí. Mo ní ìyá rẹ̀ ti ṣáko lọ, pé mo ní kó dúró, kò dúró.

Nígbà tí mo fi dé òtẹ́ẹ̀lì nírọ̀lẹ́, Alájà ti ń mu tíì. Ó ti fi káàdì òtẹ́ẹ̀lì han àwọn èrò, wọ́n sì júwe ọ̀nà fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. “Alájì onímọ̀, ẹ kú ìrìn o! Èmi tí mo sọnù ti dé tipẹ́.”

Nígbà tí a délé, àwọn ọmọ ti gbà pé iyè ìyá wọn ti ń rá. Ó sọ fún wọn pé, “Bàbá yín ló ní kí n wọ ọkọ̀ náà.”

Gàníyù fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn: “Màámi, ẹ rọra. Ẹ ò rántí mọ́ ni.”

Gbogbo wọn wojú mi. Mo dorí kodò. Láti ọjọ́ náà, Alájà kò sọ ọ́ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó fẹ́ ẹ ló ti ń ta léèsì ní ọjà Balógun. Àwọn ọmọ ní kó sinmi, kó má baà sọnù láàárín ibẹ̀ àti ilé. Ṣé àwọn ọmọ nìkan ni kí n jẹ́wọ́ fún, àbí gbogbo agboolé? Ẹ bá mi dá sí i, kí ó tó pẹ́ jù. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí ni ó fa kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé ìyàwó Gàníyù lọ́wọ́.